Orúnkún Bàbá Rẹ àti Ohun Tí O Kò Sọ fún Wọn

Jikwoyi, Àbújá,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́.

Àṣàkẹ́ mi, Sìdíkátù ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ilé tuntun ti ń mọ́ ọ lára? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sùn? Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lórí fóònù, torí tí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Mọ́mì, mo wà ní mítíìnì," èmi náà á ní kò burú, ọ̀rọ̀ á sì tún parí síbẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó pé mo fẹ́ kọ ọ́. Mo dìde lọ wo omi tí mo gbé kaná, mo padà. Mo tún dìde lọ ká aṣọ tí kò tíì gbẹ. Ara mi ò lélẹ̀ rárá. Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà máa ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Máa kà á sókè, wàá gbọ́ ohùn mi nínú rẹ̀.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún iṣẹ́ rẹ. Ọmọ oníṣẹ́ táìlì àti tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó lọ kàwé nípa ohun èlò, tí iléeṣẹ́ kan ní Gwárínpá wá gbà pé kó máa kọ́ àwọn dókítà bí wọ́n ṣe ń lo ohun tí wọ́n fi ń tún eegun rírọ̀ inú oríkèé ṣe! Nígbà tí àwọn obìnrin àsàlátù wa bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni ọmọ mi ń ṣe, mo ní, "Ṣé ẹ mọ bísíkí-bóònù tí ẹ máa ń rún lẹ́nu lára ẹran? Irú rẹ̀ wà ní orí eegun tiwa náà, òun ni kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Tó bá lu, ọmọ mi mọ ohun tí wọ́n fi ń dí i." Gbogbo wọn pariwo, oníkálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀ tirẹ̀ jáde. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. N kò parọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Rántí ọjọ́ tí o kó ẹrù rẹ kúrò nílé. A ti jẹun tán, o mú nǹkan funfun pẹlẹbẹ kan jáde nínú báàgì rẹ, nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, o ní àfihàn lásán ni, pé wọn kò ní í fi èyí sára ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ táìlì wò kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Wọ́n ní, "Báwo ni nǹkan tó rọ̀ báyìí ṣe máa gbé èèyàn dúró?"

O ní, "Òun kọ́ ló máa gbé yín dúró, Bàbá. Ṣé ẹ rántí igi tí ẹ ní wọ́n máa ń rì fún iṣu lóko ní Ìsẹ́yìn? Iṣu ló ń gùn ún. Ara yín náà ló máa gun èyí. Tí ara bá ti gùn ún tán, èyí á yọ́ dànù fúnra rẹ̀."

Mo wo ojú wọn nígbà tí o ń sọ ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kí ojú wọn mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá bi ọ́ pé, "Nígbà wo ni wọ́n máa fi sí tèmi?"

O rẹ́rìn-ín. O fa síìpù báàgì rẹ. O ní, "Ẹ ó rí i, Bàbá."

Sìdí, o ti rí àwòrán orúnkún wọn nígbà yẹn. Èmi ni mo fi fóònù ya èyí tí wọ́n ṣe ní ọsibítù, tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ níbi iṣẹ́, ìwọ lo sì pè mí padà pé, "Mọ́mì, kò sí nǹkan tó ṣẹ́kù níbẹ̀ mọ́. Eegun ti ń lọ eegun. Nǹkan tiwa yìí, ihò kékeré ni wọ́n fi ń dí, kò lè bo gbogbo oríkèé tó ti jẹ." O sunkún. O ní kí n má tíì sọ fún wọn, pé ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ ọ́. Mo gbà fún ọ, torí mo rò pé ẹnu rẹ ni yóò ti dùn ún gbọ́ jù.

O wá ní, "Ẹ ó rí i." O wọ takisí, o lọ.

Ìwọ kò sí ńlé láti rí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé Gwárínpá níbi tí o ń gbé báyìí ni bàbá rẹ ti ń rìn lórí orúnkún káàkiri pálọ̀ olówó, tí wọ́n ń tò táìlì. O mọ̀ pé orí àga ni wọ́n ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí báyìí. Ohun tí o lè má mọ̀ ni bí ìyẹn ṣe ń dùn wọ́n tó. Ìrora ẹsẹ̀, wọ́n lè mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún mi rí pé, "Ìyá Sìdí, iwájú orí mi ò kan ilẹ̀ mọ́." Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì yíjú sí ògiri.

Ni wọ́n bá lọ bá Lèmọ́mù pé kí wọ́n máa palẹ̀ àga àwọn mọ́, pé ọmọ àwọn ń mú ohun tuntun bọ̀. Wọ́n pa ọ̀pá tì. Eré ìdárayá tí àwọn ará ọsibítù ní kí wọ́n máa ṣe kí iṣan itan wọn lè le, wọ́n ní kí ló kù tí àwọn ń dààmú ara àwọn sí, ṣé orúnkún tí wọ́n fẹ́ tún ṣe ni àwọn yóò tún máa dá lóró? Tí fóònù bá ti dún báyìí, wọ́n á ní, "Sìdí ni?" Tí kì í bá ṣe ìwọ, wọ́n á jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á tún wọlé. Èmi náà ò lè jókòó. Mo ń retí pé wàá pè wọ́n. O ń pè, àmọ́ oúnjẹ àti ojú ọjọ́ lò ń bi wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n béèrè jalabíà wọn tó mọ́ lọ́wọ́ mi ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Mo bi wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní ìta. Sìdí, ta ló ń wọ jalabíà funfun lọ sí ìta lásán? Mo da gèlè sórí, mo tẹ̀ lé wọn. Kẹ̀kẹ́ tiwọn wà níwájú, tèmi wà lẹ́yìn, títí dé Nyanya. Kẹ́míìsì kan ni wọ́n wọ̀. Nígbà tí mo fi dé inú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ti ká aṣọ sókè, ọkùnrin kan sì ti ń fa nǹkan olómi pupa rúsúrúsú sínú abẹ́rẹ́.

Mo ní, "Ẹ dúró ná. Kí ni ìyẹn?"

Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ ta gìrì. "Sànnu, Màmá. Jẹ́ẹ̀lì ni. Jẹ́ẹ̀lì òyìnbó. Tó bá ti wọlé báyìí, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù."

"Orúkọ wo ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀?"

"Àh-àh, Màmá, ṣé orúkọ ló ń wo èèyàn sàn ni?"

Bàbá rẹ ní, "Ìyá Sìdí, ta ló ní kó o tẹ̀ lé mi? Nǹkan tí Sìdí ń tà náà ni. Wọ́n ní ọjà kan náà ni."

Mo gbé ìgò náà. Ẹnì kan ti ha ìwé ara rẹ̀ kúrò. Ọkùnrin náà tún ń bọ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ni mo bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì bo orúnkún bàbá rẹ. Mo ní, "Tí o bá fẹ́ gún un, ọwọ́ mi ni wàá kọ́kọ́ gún."

Ó wò mí, ó wo bàbá rẹ, ó ní òun ò fẹ́ wàhálà o, ká máa lọ.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a fi padà wálé, bàbá rẹ ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ìgbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Jikwoyi, wọ́n ní, "O fẹ́ kí n parí ayé mi lórí àga." Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ, mo sì ti ṣèlérí fún ọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní ká lọ rí dókítà eegun. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n tún gbà. Dókítà tí a bá kò tíì dàgbà púpọ̀, ọmọ Èkìtì ni, ohùn rẹ̀ sì ń fi í hàn. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ bàbá rẹ títí orúnkún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara. Kò tíì fọwọ́ kan àwòrán tó fi ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Táìlì."

"Tí táìlì kan ṣoṣo bá fọ́ láàárín pálọ̀, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"A ó yọ ọ́, a ó fi òmíràn dí i."

"Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ti ṣí ńkọ́, tí kọnkéré abẹ́ rẹ̀ náà ti ń fọ́?"

Bàbá rẹ wo àwòrán tó wà lójú iná ara ògiri. Wọ́n ní, "Ó ti yé mi, dókítà."

Ó ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí ìwọ mú wá sílé, iṣẹ́ gidi ni, òun náà ti rí ẹni tó ràn lọ́wọ́: ẹni tí ibì kan péré lára eegun rírọ̀ rẹ̀ lu, tí àyíká rẹ̀ sì dára. Ó ní eegun rírọ̀ ò ní ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í lè tún ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n tí etí ihò náà bá dúró ire, nǹkan yẹn á rí ibi dì mú. Ti bàbá rẹ kò ní etí mọ́. Ó ní ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Kí iṣan itan le. Kí ara fúyẹ́ díẹ̀. Kí wọ́n mú ọ̀pá padà. Tó bá yá, tí wọ́n bá fẹ́, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń pààrọ̀ orúnkún, wọ́n á fi irin àti rọ́bà líle sí i. Ó ní kí wọ́n lọ rò ó.

Bàbá rẹ bi í pé, "Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan yẹn. Ṣé òun náà mọ̀ pé kò lè ṣe tèmi?"

Dókítà wo ojú mi. Kò kúkú mọ ìwọ. A jáde sí kọ́rídọ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá, ẹnì kan ń ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ dúró.

"Ó mọ̀?"

Mo ní, "Ó mọ̀."

"Ìwọ náà mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó yẹ kí wọ́n jágbe mọ́ mi. Ì bá tiẹ̀ rọrùn. Wọ́n kàn ní, "Ẹ̀yin méjèèjì wá jọ ń wò mí." Wọ́n sì ń lọ níwájú mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ ti ògiri.

Láti ìgbà náà ni a kò ti rí ara gbé sójú kan nílé yìí. Wọ́n á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á lọ dúró sẹ́nu géètì. Wọ́n á jẹun díẹ̀, wọ́n á tì í.

Ọmọ mi, mi ò bá ọ jà. Mo mọ ohun tó dì ọ́ lẹ́nu. Ojú tó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ pa á? Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí ìrètí ṣe máa ń ṣe ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àbújá, mo lọ wá iṣẹ́ sí ilé ìwé kan ní Bwari. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin oníwà tútù, fún mi lómi, ó yìn mí, ó ní, "Ẹ máa gbọ́ látọ̀dọ̀ wa." Mo lọ sílé, mo rán aṣọ tuntun. Ilé ìwé mìíràn pè mí, mo ní rárá, pé Bwari ń bọ̀. Ọmọdé ṣì ni mí, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè padà lọ béèrè. Ìgbà tó pẹ́ gan-an ni mo wá gbọ́ pé wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ yẹn kí n tó débẹ̀ rárá. Obìnrin náà mọ̀. Kì í ṣe ìkà. Kò kàn fẹ́ rí ojú mi nígbà tí mo bá gbọ́ ọ. Ó fún mi lómi mu, ó sì jẹ́ kí n pàdánù ibòmíràn.

Nítorí náà, gbọ́ mi. Iṣẹ́ tí o wọ̀ yìí, àwọn tí nǹkan ń dùn ni wọn yóò máa wò ọ́ lójú. Ẹni tí nǹkan bá ń dùn kì í gbọ́ gbogbo gbólóhùn, ìdajì tó wù ú ló máa ń gbọ́. Tí o bá fẹ́ sọ ohun tí nǹkan yẹn lè ṣe, kọ́kọ́ sọ ẹni tí kò wà fún. Sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí etí wọn ṣì ṣí.

Tí o kò bá mọ nǹkan, sọ pé, "Mi ò mọ̀." Kò ní í bu iyì rẹ kù lójú dókítà kankan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Tí ọ̀gá rẹ bá ní kí o fi díẹ̀ kún un kí ọjà lè yá, rántí ọkùnrin inú kẹ́míìsì yẹn. Òun náà ń fi díẹ̀ kún un ni. Ìwọ ń ta ojúlówó, òun ń ta ohun tí Ọlọ́run nìkan mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu ìwọ jáde, "Ẹ ó rí i" yẹn, ló gbé bàbá rẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́. Ó dun èmi náà láti kọ ọ́, mo ti dìde lórí ìlà yìí, mo ti lọ fọ abọ́ tó mọ́.

Má sì máa sọ òtítọ́ bíi pé o ń sá fún òjò. Wo bí dókítà yẹn ṣe ṣe é. Ó fa àga. Ó béèrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ó fi èdè iṣẹ́ wọn bá wọn sọ ọ́, lẹ́yìn náà kò lé wọn jáde, ó sọ ohun tó kù tí wọ́n lè ṣe. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n ṣe, àbí ta ló mú ọ̀rọ̀ igi iṣu wá?

Máa jẹun kí o tó jáde láàárọ̀. Tíì nìkan kì í ṣe oúnjẹ. Èyí tí o máa ń jókòó sábẹ́ ẹ́síì títí ọrùn rẹ á fi gan, jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀. Má fi ìrun rẹ ṣeré. Tí ọmọkùnrin tí o sọ fún mi yẹn bá jẹ́ ẹni gidi, kó wá kí wa.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ òní tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ. Ṣé o mọ Hàdízà, ọmọ Màláámù tó wà ní ilé kejì, tó ń gbá bọ́ọ̀lù? Ó ṣubú lórí pápá, orúnkún rẹ̀ wú, ó sì ń tiro láti ọjọ́ yìí. Mo wà lẹ́nu fèrèsé, mo rí bàbá rẹ tí wọ́n mú ọ̀pá, tí wọ́n jáde. Mo rò pé géètì ni wọ́n ń lọ. Wọ́n kọjá géètì. Wọ́n lọ kanlẹ̀kùn Màláámù. Mo tẹ́tí sílẹ̀.

"Sànnu, Màláámù. Orúnkún ọmọ yín ni mo bá wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn kẹ́míìsì kankan. Ẹ gbé e lọ ya àwòrán. Tó bá jẹ́ ibì kan péré ló lu, nǹkan kan wà tí wọ́n lè fi dí i. Ọmọ mi mọ̀ nípa rẹ̀."

Màláámù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún wọn. Bàbá rẹ gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. "Kì í ṣe ìlérí o. Ó lè má jẹ́ tirẹ̀. Ẹ kàn lọ béèrè, kẹ́ ẹ sì béèrè dáadáa."

Wọ́n wọlé, òógùn bò wọ́n lójú. Wọ́n rí bébà níwájú mi, wọ́n ní, "Sìdí lò ń kọ̀wé sí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Sọ fún un pé mi ò bínú sí i." Wọ́n lọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n padà. "Rárá, má purọ́ fún un. Mo ń bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó wá lọ́jọ́ Sátidé. Irin tí dókítà yẹn ní wọ́n máa ń fi sí i, mo fẹ́ mọ irú irin tí í ṣe, mo fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó nínú ẹran ara, àti ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀. Òun ló kàwé rẹ̀. Kó jókòó tì mí, kó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Kó má yọ èyíkéyìí kúrò."

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Máa bọ̀, Àṣàkẹ́ mi. Láti àárọ̀ Sátidé ni a ó ti máa wo ọ̀nà.

Èmi ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò sì yé ronú rẹ,
Ìyá Sìdí.